Bí a ṣe lè mú kí orí àwòrán 2D yí bí ẹni pé 3D ni, kí ojú má máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ìbòjú

OjúLọ̀rọ̀Wà kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ní àwòrán ọmọbìnrin kan tí mo fi ọwọ́ ara mi yà ní ìpele-ìpele: irun iwájú wà lọ́tọ̀, irun ẹ̀yìn wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyinjú méjèèjì pẹ̀lú ìpéǹpéjú wọn, imú, ẹnu, etí méjèèjì àti orí fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó máa yí orí láti òsì sí ọ̀tún, kí ó máa gbójú sókè, kí ó sì máa wolẹ̀ díẹ̀, láìjẹ́ pé mò ń tún un yà ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Sọ́fítíwíà tí mò ń lò ní egungun (ọ̀pá tí a ń so mọ́ àwòrán láti fi darí rẹ̀), ó sì ní àwọ̀n tí a lè tẹ́ sórí àwòrán kí a fi fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo kó gbogbo ohun tó wà lójú ọmọ náà sábẹ́ egungun kan ṣoṣo, mo sì ní kí egungun náà sún gbogbo wọn lọ sí ọ̀tún ní píksẹ́lì 50 nígbà tí orí bá yí dé dígírì 30. Òbìrìkìtì ni mo fi orí náà ṣe, ó fẹ̀ ní píksẹ́lì 200.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ojú ń yọ̀ lọ lórí orí bí ìbòjú tí okùn rẹ̀ dẹ̀. Orí kò yí rárá, ojú ló kàn ṣí nípò. Mo ti wo oríṣiríṣi fídíò ìkọ́ni, ohun tí gbogbo wọn sì ń sọ kò ju pé kí n máa sún àwọn nǹkan náà títí wọn yóò fi dára lójú mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí tí mo fi ń sún wọn, n kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí n dúró. Ṣé òfin kan wà tó ń sọ iye tí ohun kọ̀ọ̀kan yẹ kó rìn?

GègéÀgbà fèsì pé:

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú.

Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti sọ́fítíwíà. Iye kan náà ni ẹ fi sún ohun gbogbo, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ohun tó wà lára orí kò jìnnà dọ́gba sí òpó tí orí ń yí lé. Òpó yẹn kò hàn sí ojú, ṣùgbọ́n ó wà: ó ti ọrùn gba àárín agbárí kọjá, ó sì yọ ní àtàrí. Ṣóńṣó imú ló jìnnà sí i jù lọ níwájú, ẹyinjú rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ju imú lọ, etí wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, irun ẹ̀yìn sì wà ní òdìkejì. Ohun tó bá wà níwájú òpó máa ń bá imú lọ sí ọ̀tún. Ohun tó bá wà lẹ́yìn òpó gbọ́dọ̀ máa lọ sí òsì ní àkókò kan náà. Ẹ wo ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi ìdè rẹ̀ sí àárín dípò ẹ̀gbẹ́: bí ẹ bá ti apá kan lọ, apá kejì ń bọ̀ wá bá yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi èyí pe ohun tí kámẹ́rà onípele púpọ̀ ń ṣe, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Disney lò fún fíìmù kékeré The Old Mill ní ọdún 1937. Níbẹ̀, ìpele tó sún mọ́ kámẹ́rà máa ń yára, èyí tó jìnnà máa ń rọra, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà lọ. Ìyẹn dára fún igbó àti òkè. Orí tó ń yí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àárín rẹ̀ dúró lójú kan, iwájú àti ẹ̀yìn sì ń pàdé ara wọn lọ́nà.

Ẹ dán èyí wò ná kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ pa gbogbo ìpele mọ́ àyàfi imú àti irun ẹ̀yìn, kí ẹ wá yí egungun náà lọ, kí ẹ sì yí i bọ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá kọjá lára ara wọn, ẹ kò tíì ní orí tó ń yí.

Oníṣirò fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ GègéÀgbà tọ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ òfin. Òfin náà wà, kò sì le. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi nọ́ńbà sí i. Mo fara mọ́ bí ẹ ṣe ń pe ẹyinjú ní ẹyinjú, kí ojú má baà dàrú mọ́ ojú nínú ìjíròrò yìí. Ọ̀tún àti òsì ẹni tó ń wo àwòrán ni mo sì máa lò jálẹ̀, kì í ṣe ti ọmọbìnrin náà.

Ẹ fojú inú wo orí náà láti òkè, bí ẹni tó gun àjà tó ń wo àtàrí rẹ̀. Òbìrìkìtì kan ni ẹ óò rí. Imú wà níwájú gan-an, ẹ pe ibẹ̀ ní dígírì 0. Ẹyinjú ọ̀tún wà ní nǹkan bí dígírì 25, ẹyinjú òsì wà ní -25, etí méjèèjì wà ní 90 àti -90, àárín irun ẹ̀yìn sì wà ní 180. Bí orí bá yí sí ọ̀tún, ẹ fi iye dígírì tí ó yí kún dígírì ibi tí ohun náà wà, ẹ wá sáìnì ohun tí ẹ rí (bọ́tìnì sin lórí ẹ̀rọ ìṣirò), kí ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú jíjìnnà ohun náà sí òpó. Èsì rẹ̀ ni ibi tí ohun náà yóò wà lójú ìwé, bí ẹ bá kà á láti àárín orí.

Orí yín fẹ̀ ní 200, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jìnnà sí òpó ní 100. Ká ní ẹyinjú wà lórí awọ orí gan-an, ní 100, nígbà tí orí bá kọjú síwá, ẹyinjú méjèèjì yóò wà ní 42 àti -42. Bí orí bá yí ní dígírì 30, ẹyinjú ọ̀tún di 55 lórí òbìrìkìtì, ó sì bọ́ sí 82 lójú ìwé. Ẹyinjú òsì di 5, ó sì bọ́ sí 9. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀kan rin ìrìn 40, èkejì rin 51. Imú yọ síta ju awọ lọ, ẹ jẹ́ ká fún un ní 115. Ní dígírì 30, yóò bọ́ sí 57. Irun ẹ̀yìn tó nípọn tó jìnnà sí òpó ní 110 yóò lọ sí òsì ní 55. Ẹ wá wo 50 tí ẹ fi sún gbogbo wọn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹyinjú òsì mu, ó pọ̀ jù fún ẹyinjú ọ̀tún, ó kéré fún imú, ó sì lòdì pátápátá fún irun ẹ̀yìn.

Ẹnu wà nísàlẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà jíjìnnà rẹ̀ sí òpó kéré ju ti ẹyinjú lọ, àfi bí ẹ bá yà á pẹ̀lú ẹnu tó yọ síwájú. Ìyẹn kù sọ́wọ́ yín.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, òun sì ni fífẹ̀. Kósáìnì (bọ́tìnì cos) ló ń sọ fífẹ̀. Bí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ní píksẹ́lì 40 nígbà tí orí kọjú síwá, ní dígírì 30, èyí tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ yóò fún títí yóò fi kù sí 25, èyí tó ń bọ̀ sí àárín yóò sì fẹ̀ díẹ̀ sí i, dé 44. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò fẹ̀ sí i, nítorí pé kò kọjú sí wa tààrà tẹ́lẹ̀.

OjúLọ̀rọ̀Wà kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ṣe ìdánwò imú àti irun ẹ̀yìn lálẹ́ àná, ojú sì tì mí díẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ń lọ pọ̀ bí ọ̀rẹ́ ni. Mo ti fún ohun kọ̀ọ̀kan ní egungun tirẹ̀ báyìí, mo sì lo àwọn nọ́ńbà Oníṣirò. Ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ẹyinjú tó fẹ̀ díẹ̀ sí i yẹn ni mo rò pé kò ní já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun gan-an ló jẹ́ kí orí náà dà bí ohun tó yípo.

Ìṣòro méjì ló ṣẹ́kù. Àkọ́kọ́ ni etí ọ̀tún, tó dúró síwájú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èkejì ni pé orí ṣì jẹ́ òbìrìkìtì kan náà bó ti wù kí ó yí tó, nítorí náà ó dà bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ya ojú sí.

ÌyáÀwòrán fèsì pé:

Ìṣòro etí rọrùn. Etí ọ̀tún wà ní dígírì 90. Bí orí bá ti yí sí ọ̀tún ní dígírì kan péré, etí náà ti kọjá sí ẹ̀yìn òpó. Kò yẹ kí ó wà síwájú orí nínú ètò ìpele láti ìgbà náà lọ. Ẹ má dúró di ìgbà tí orí bá yí dáadáa kí ẹ tó gbé e sẹ́yìn. Bí etí yín bá jìnnà sí òpó ní 110, yóò máa yọ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí orí yóò fi yí dé nǹkan bí dígírì 25, lẹ́yìn náà ni yóò farapamọ́ pátápátá. Bí mo ti máa ń ṣe tèmi ni pé mo máa ń ya etí kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan síwájú orí, ọ̀kan sẹ́yìn orí, mo sì máa ń jẹ́ kí ọ̀kan farahàn bí èkejì bá ti pa mọ́. Nínú sọ́fítíwíà Toon Boom Harmony, a lè fi ìdiwọ̀n síwájú-sẹ́yìn sún ìpele díẹ̀ láìṣe àdàkọ rẹ̀, ìyẹn náà sì dára, ṣùgbọ́n àdàkọ ń jẹ́ kí n ya inú etí fún ọ̀kan, kí n sì ya ẹ̀yìn etí fún èkejì.

Ti orí tó dà bí bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ kí a farabalẹ̀ sọ. Bọ́ọ̀lù tí Oníṣirò fi ṣe ìṣirò dára fún mímọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí, àmọ́ orí ènìyàn kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó fẹ̀ ju bí a ṣe ń rí i láti iwájú lọ, nítorí pé agbárí gùn sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin yín bá ti ń yí sí ọ̀tún, ẹ̀yìn orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yọ sí òsì, kí gbogbo orí sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí ìlà ojú ti pàdé afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń lo àkókò mi jù. Ìlà yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ ọrun kan tó tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iwájú orí yóò yọ díẹ̀, ìlà yóò wọnú níbi tí ihò ẹyinjú wà, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò tún tì í síta, yóò sì rọra wọlé lọ bá àgbọ̀n. Ní dígírì 30, wíwọlé yẹn kò ju píksẹ́lì márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ lára orí tó fẹ̀ ní 200, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ óò rí i pé bọ́ọ̀lù ti padà wá. Ẹ fi ojúkò mẹ́fà ó kéré tán (ibi tí àwọn ìlà àwọ̀n ti ń pàdé) sí ẹ̀gbẹ́ yẹn lórí àwọ̀n yín kí ẹ lè fa ohun tí ẹ fẹ́ fà.

Fíréèmù24 fèsì pé:

OjúLọ̀rọ̀Wà kò tíì béèrè, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé èyí: ẹ óò fẹ́ kí orí náà yí títí dé ẹ̀gbẹ́, ní dígírì 90. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀nà yìí ti máa ń já.

Sọ́fítíwíà wa kò mọ sáìnì. Bí a bá fún un ní keyframe méjì, ìyẹn ibi tí àwa fúnra wa ti fi ọwọ́ to àwòrán sí ipò rẹ̀, ńṣe ló ń gba ọ̀nà tààrà láti ọ̀kan dé èkejì. Bí ẹ bá fi keyframe sí 0 àti 90 nìkan, imú tó jìnnà sí òpó ní 115 yóò wà ní 57 nígbà tí orí bá dé ìdajì ọ̀nà, ní dígírì 45, ṣùgbọ́n 81 ni ó yẹ kó wà. Píksẹ́lì 24 sọnù lórí orí tó fẹ̀ ní 200, ojú ẹnikẹ́ni ni yóò sì rí i, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń rí. Ẹ wá wò ó láàárín 0 sí 30: ní dígírì 15, ọ̀nà tààrà mú wa dé 29, òtítọ́ sì jẹ́ 30. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo gbà pé ìdí nìyí tí parameter (ìdiwọ̀n tí a ń fà) fún yíyí orí nínú sọ́fítíwíà Live2D Cubism, láti -30 dé 30, fi máa ń dára tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú keyframe mẹ́ta péré.

Bí ẹ bá fẹ́ kọjá 30, ẹ fi keyframe sí 60 àti 90 pẹ̀lú. Ìrìn imú yóò jẹ́ 57, lẹ́yìn náà 42, lẹ́yìn náà 15. Ẹ rí bó ṣe ń dẹ̀rọ̀ bí ó ti ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà tí keyframe kò lè wò sàn. Ní nǹkan bí dígírì 60, ṣóńṣó imú yóò kan ìlà ẹ̀gbẹ́ ojú. Láti ibẹ̀ lọ, imú kì í ṣe ohun tó wà nínú ojú mọ́, ó ti di apá kan lára ìlà tó yí ojú ká. Kò sí àwọ̀n tí a lè fà tí yóò sọ èkíní di èkejì láìya. Àwòrán tuntun la máa ń yà níbẹ̀, a ó sì fi pààrọ̀ ti àkọ́kọ́. Nínú Adobe Character Animator, ìlànà náà hàn kedere: ẹ ó ya iwájú, ìdajì ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀, sọ́fítíwíà náà yóò sì máa mú èyí tó bá yíyí orí mu. Fún yíyípo gbogbo ara, ìdúró mẹ́jọ ni mo máa ń lò, dígírì 45 láàárín ọ̀kan àti èkejì, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ni mo máa ń yà, mo sì máa ń dojú mẹ́ta nínú wọn kọ òdìkejì. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí kò bára mu ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí irun tí a là sí apá kan tàbí àpò tó wà lára aṣọ ní òsì, nítorí pé ìdojúkọ-òdì yóò gbé wọn bọ́ sí ọ̀tún láìbéèrè.

Níbi tí ẹ bá ti ń pààrọ̀ àwòrán, ẹ fi í sí fíréèmù tí orí ti ń sáré jù lọ, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó ṣẹ́jú níbẹ̀.

Oníhà3 fèsì pé:

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá, ṣùgbọ́n mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo yín ń fi ọwọ́ ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí a kò kúkú ṣe orí náà ní 3D, kí a kùn ún bí àwòrán ọwọ́, kí a sì yí i bó ti wù wá? Sáìnì, kósáìnì, etí tó ń farapamọ́, gbogbo rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

GègéÀgbà fèsì pé:

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àbúrò. Bí orí yín bá máa yípo lọ́pọ̀ ìgbà, láti igun gbogbo, nínú iṣẹ́ tó gùn, n kò ní bá yín jiyàn: ẹ ṣe é ní 3D. Grease Pencil, irinṣẹ́ ìyàwòrán inú sọ́fítíwíà Blender, pàápàá ń jẹ́ kí a ya ìlà ọwọ́ sínú àyè 3D, ìyẹn sì wà láàárín méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo etí Mickey Mouse. Láti iwájú, òbìrìkìtì méjì ni. Láti ẹ̀gbẹ́, òbìrìkìtì méjì náà ni. Kò sí awo tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ orí 3D tí yóò jẹ́ òbìrìkìtì ní ọ̀nà méjèèjì; tín-ín-rín ni yóò dà bí ẹ bá yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ayàwòrán ló pinnu pé etí kò gbọdọ̀ tín-ín-rín, ó sì purọ́ fún wa pẹ̀lú ọgbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun iwájú tó máa ń dára láti ibi gbogbo, àti ẹnu tí a máa ń gbé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tí orí bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kí ẹ̀rín lè hàn. Ìṣirò Oníṣirò ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rú òfin náà níbi tí ó bá wù mí. Nínú 3D, rírú òfin ló máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta.

Oníhà3 fèsì pé:

Ti etí yẹn wọlé. Mo gbà.

OjúLọ̀rọ̀Wà kọ pé:

Mo tún padà dé. Yíyí sí ẹ̀gbẹ́ ti dára, mo sì fi ọ̀nà kan náà ṣe gbígbójú sókè àti wíwo ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára lọ́tọ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ní kí ó wo ọ̀tún kí ó sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, dígírì 30 ní ọ̀nà méjèèjì. Imú rìn kọjá ibi tó yẹ, ojú sì dà bí ohun tí wọ́n fà gùn sí igun kan. Kí ni mo ṣe?

ÌyáÀwòrán fèsì pé:

Ẹ kò ṣe nǹkan kan, ìyẹn gan-an ni ìṣòro náà. Sọ́fítíwíà fi ìrìn ọ̀tún kún ìrìn òkè, ó sì rò pé ó parí. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní láti ní àtúnṣe tiwọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò tún ṣe ni ìlà tó so ẹyinjú méjèèjì pọ̀: ní igun, kò gbọdọ̀ wà ní títẹ́. Ẹyinjú tó sún mọ́ àárín yóò lọ sókè púpọ̀, èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yóò lọ sókè díẹ̀, nítorí náà ìlà náà yóò dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ sí ọ̀tún.

Oníṣirò fèsì pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ìyá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí èyí tí orí bá kọ́kọ́ ṣe ló ń pinnu rẹ̀.

Ká ní a kọ́kọ́ yí orí sí ọ̀tún ní 30, lẹ́yìn náà ni a wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè ní 30 bí ẹni tó yí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà. Ohun tí ẹ sọ ló máa ṣẹlẹ̀: ẹyinjú òsì yóò gòkè ní 50, ti ọ̀tún yóò gòkè ní 29 péré. Ìlà náà dà gẹ̀rẹ́ ní píksẹ́lì 21.

Ká wá ní ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ gbé orí sókè lórí ọrùn tirẹ̀, kí ó tó yí ara sí ọ̀tún. Òpó tí ó fi gbé orí sókè gba etí kan bọ́ sí èkejì, kò sì ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rárá. Nínú èyí, ẹyinjú méjèèjì yóò gòkè ní 45 dọ́gba, ìlà wọn yóò sì wà ní títẹ́. Ohun tó yí padà ni ìrìn ẹ̀gbẹ́: ẹyinjú ọ̀tún yóò dúró ní 76 dípò 82, ti òsì ní 3 dípò 9, imú yóò sì dúró ní 50 dípò 57. Gbogbo wọn rọ̀ padà sí àárín. Ẹni tó kàn ń wo òkè lápá ọ̀tún láìtẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, irú èkejì yìí ló ń ṣe.

ÌyáÀwòrán fèsì pé:

Mo fi dígí wò ó kí n tó fèsì. Òótọ́ ni, bí mo bá gbé orí sókè láìtẹ̀ ẹ́, ẹyinjú mi wà ní títẹ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí, mo sì rí i pé láìmọ̀, mo máa ń tẹ orí díẹ̀ kí ara lè rọ̀ mí. Gẹ̀rẹ́ tí mo ti ń yà láti ọjọ́ yìí, títẹ̀ orí ni, kì í ṣe yíyí.

Nítorí náà, OjúLọ̀rọ̀Wà, ẹ ṣe igun yín gẹ́gẹ́ bí Oníṣirò ti wí, kí ìlà ẹyinjú wà ní títẹ́, kí ohun gbogbo sì rọ̀ padà sí àárín ní píksẹ́lì mẹ́fà tàbí méje. Kí ẹ wá fi títẹ̀ orí sí egungun mìíràn, kí ẹ lè fi kún un tàbí yọ ọ́ bí ìṣe ọmọ náà bá ṣe rí. Ohun kan tí kò gbọdọ̀ wà ní títẹ́ nínú ọ̀ràn méjèèjì ni ìlà láti etí gba ẹyinjú dé etí kejì. Etí wà lórí òpó tí a fi ń gbé orí sókè, gbígbé náà kò mú un gòkè. Ẹyinjú ló gòkè. Ọrun ni ìlà yẹn yóò dà.

Fíréèmù24 fèsì pé:

Kí n fi èyí kún un ní kúkúrú. Keyframe mẹ́ta ní ìbú àti mẹ́ta ní òró jẹ́ mẹ́sàn-án; ẹ má fo ọ̀kankan. Live2D Cubism ní àṣẹ kan tó máa ń ṣẹ̀dá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀ láti inú àwọn tí ẹ ti ṣe, ó sì ń dín iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń fọwọ́ tún igun kọ̀ọ̀kan ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nínú sọ́fítíwíà Moho, ẹ lè fi smart bone kan (egungun tó ń darí ìṣe àwọn nǹkan mìíràn) ṣe ìbú, òmíràn ṣe òró, kí ẹ sì fi àtúnṣe igun sí egungun kẹta.

Bí rig náà (gbogbo egungun àti àwọ̀n tí ẹ tò) bá ti dúró, ẹ má ṣe jẹ́ kí orí yí lórí ìlà títẹ́. Ní fíréèmù 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, yíyí láti òsì sí ọ̀tún lè gba fíréèmù mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹ jẹ́ kí ẹyinjú kọ́kọ́ lọ ní fíréèmù méjì ṣáájú orí, kí àgbọ̀n sì wálẹ̀ díẹ̀ láàárín ọ̀nà kí ó tó gòkè padà.

OjúLọ̀rọ̀Wà kọ pé:

Mo ti ṣe mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Igun òkè ọ̀tún ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo gbé imú padà láti 57 sí 50, ẹyinjú tẹ̀ lé e, ojú tó gùn yẹn sì sinmi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wíwálẹ̀ àgbọ̀n láàárín ọ̀nà náà dára. Píksẹ́lì mẹ́jọ ni mo lò.

Ìbéèrè kékeré kan ló kù: irun iwájú máa ń ká lé ara rẹ̀ ní ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bí orí bá dé 30, bí aṣọ tí wọ́n ká tí wọn kò tẹ́.

ÌyáÀwòrán fèsì pé:

Onígun mẹ́ta kan nínú àwọ̀n yín ló dojú dé, nítorí pé ojúkò rẹ̀ kan kọjá ìlà tó wà láàárín àwọn méjì yòókù. Ẹ tan ìlà àwọ̀n kí ẹ rí i, kí ẹ fa ojúkò náà padà títí onígun mẹ́ta náà yóò fi tín-ín-rín ṣùgbọ́n tí kò ní dojú dé. Bí irun náà kò bá wá lè fún tó, ẹ gé e sí ìpele méjì ní ibi tí ó ti ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ orí. Apá ẹ̀gbẹ́ yẹn yóò lọ sẹ́yìn orí pẹ̀lú etí.

OjúLọ̀rọ̀Wà kọ pé:

Ojúkò méjì ni mo fà, mo sì gé irun náà sí méjì. Ó ti tẹ́. Mo ń lọ sí èjìká báyìí, níbi tí mo ti rí i pé apá ọ̀tún ṣì wà síwájú àyà nígbà tí ara bá yí sí ọ̀tún, bí etí ti rí lọ́jọ́ kìíní.